Yàrá Ẹ̀yìn

Ìyá ìyá mi ní abẹ̀bẹ̀ idẹ kan tí wọ́n ya ẹja méjì sí lára. Lọ́dọọdún, tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ká fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán yinrin. A máa ń du iṣẹ́ náà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni, nítorí ẹni tó bá fọ̀ ọ́ tó dán ló máa gbé e tẹ̀ lé màmá jáde. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ogún ọdún, ẹja kan ti parẹ́ pátápátá, ìkejì sì ku ìrù àti ojú kan. Kò sí olè tó mú un, kò sì já bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ la fi fọ̀ ọ́ tán.

Abẹ̀bẹ̀ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ní ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ju ẹni tó dúró ti gíláàsì, tó ń jágbe mọ́ ọmọ ilé-ìwé pé, “Má fọwọ́ kàn án!” Wọn ò mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ jágbe mọ́. Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe yé mi sí, wọ́n ń kọ́ èèyàn bí yóò ṣe fẹ́ràn nǹkan tí ìfẹ́ náà kò fi ní jẹ ẹ́ run. Iṣẹ́ tó le ni, kò sì lókìkí.

Ìlú tó yẹ ká kọ́kọ́ dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ yìí ni Àjàṣẹ́, tí àwọn Ègùn ń pè ní Hogbonu, tí àwọn Potogí sì sọ ní Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Kò jìnnà sí ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ìlú tí kì í da ohun àtijọ́ nù ni: àfin ọba Toffa wà níbẹ̀ tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mọ́ṣáláṣí ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, nítorí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ̀lú. Níbẹ̀ ni wọ́n dá École du Patrimoine Africain sílẹ̀ ní 1998, tí gbogbo èèyàn ń pè ní EPA. Àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé àti Potogí ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Alain Godonou ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2000, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rí tiwọn náà ní Mombasa, lórílẹ̀-èdè Kenya.

Méjèèjì kò ṣàdédé hù. Inú ètò kan tó ń jẹ́ PREMA ni wọ́n ti jáde. ICCROM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Róòmù, ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1986, ẹni tó sì gbé e kiri bí oníkirì ọjà ni Gaël de Guichen, ẹnjiníà kan, ọmọ Faransé. Kí ó tó dé ICCROM ní 1969, ó ti ṣiṣẹ́ nínú ihò Lascaux. Ẹ jẹ́ kí n yà sí Lascaux díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jọ ti abẹ̀bẹ̀ màmá wa. Ní 1940 ni àwọn ọmọdékùnrin kan rí ihò náà nílẹ̀ Faransé. Àwọn èèyàn ìgbà láéláé ti ya màlúù, ẹṣin àti àgbọ̀nrín sára ògiri rẹ̀ láti nǹkan bí 17,000 ọdún sẹ́yìn, àwọ̀ wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ṣí i fún aráyé ní 1948. Èrò rọ́ lọ. Èémí ẹnu wọn, ooru ara wọn àti iná tí wọ́n tàn síbẹ̀ mú kí nǹkan aláwọ̀ ewé, irú èyí tó máa ń bo ara àmù omi, bẹ̀rẹ̀ sí í hù sórí àwòrán. Ní 1963, wọ́n tì í pa. Ohun tó ti ń bẹ láti ayébáyé, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi sọ ọ́ di aláìsàn.

Ẹni tó bá ti fojú rí irú èyí kò ní máa fi gbogbo owó ra oògùn. Ohun tó máa béèrè ni pé, kí ló ń fa àìsàn gan-an? Ìdí tí wọ́n fi gbé PREMA kalẹ̀ nìyẹn: kí òṣìṣẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ kí ó tó bàjẹ́, kí ọmọ Áfíríkà tó kọ́ ọ sì di olùkọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ká má baà máa dúró de ẹni tó máa wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wo ère wa sàn.

A ò ní gbàgbé Jos o. Ní 1963 ni UNESCO àti ìjọba Nàìjíríà ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ́ni. Nígbà yẹn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń pọ̀: ti Ẹ̀siẹ́ ti wà láti 1945 fún àwọn ère òkúta tó ju 800 lọ, ti Jos fúnra rẹ̀ láti 1952, ti Èkó láti 1957. Ẹni tó máa mọ ohun tí yóò ṣe nínú ilé ló kù.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ kò ju bí a ṣe ń gbé nǹkan lọ. Èèyàn á rẹ́rìn-ín: ta ni kò mọ bí a ṣe ń gbé ìkòkò? Wọ́n á ní kí o bọ́ òrùka, kí o bọ́ aago, kí o yọ káàdì tó o fi kọ́rùn. Wọ́n á ní kí o wá ibi tó o máa gbé e sí kí o tó gbé e, kí o sì ti yọ àga tó wà lójú ọ̀nà. O ò gbọdọ̀ di ìkòkò mú létí, o ò gbọdọ̀ di ère mú lọ́rùn tàbí lápá. Ibi tó dà bíi pé wọ́n ṣe fún dídìmú gan-an ló sábà máa ń kán. Ọwọ́ kan nísàlẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Idẹ ń fẹ́ ìbọ̀wọ́, nítorí iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́, iyọ̀ náà á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ojú ìka rẹ á fi hàn lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí ọlọ́pàá ṣe ń tẹ̀ka ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n tó o bá fi ìbọ̀wọ́ òwú kan náà gbé abọ́ tó ń yọ̀, o ti fọ́ ọ. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ̀wé. Fi báírò rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn, bóyá nítorí pé èmi náà ń jẹun nídìí ìwé kíkọ. Gbogbo ohun tó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí òmíràn kò ní jẹ́ láé, kí nọ́ńbà náà sì wà nínú rẹ́jísítà: kí ni, láti ibo, lọ́wọ́ ta, lọ́jọ́ wo, báwo ló ṣe rí lọ́jọ́ tó dé. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ère ló yẹ kí ẹ rí. Wọ́n á wá ibi tó fara sin, nísàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn, tí kò sí ọnà tàbí ọ̀dà níbẹ̀. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun oje kan tó ń jẹ́ Paraloid B-72 síbẹ̀, kò ní fẹ̀ ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ó máa ń dán bíi kúùtẹ̀sì tí àwọn obìnrin ń kùn sí èékánná, ásẹ́tóònù tí wọ́n sì ń fi nu kúùtẹ̀sì kúrò náà ló ń tú u. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi íǹkì kọ nọ́ńbà lé e lórí, wọ́n á tún fi oje bò ó. Íǹkì náà kò wá fara kan igi rárá. Lọ́gọ́rùn-ún ọdún sí i, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ á yọ ọ́, igi á sì wà bó ṣe wà. Ti aṣọ yàtọ̀: ọ̀já òwú funfun ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín rán an mọ́ etí aṣọ, ojú abẹ́rẹ́ méjì mẹ́ta péré.

Mo ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí àyà ère, bí ìgbà tí Fúlàní ń sàmì sí màlúù. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní nọ́ńbà rárá. Mo béèrè ibi tó ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú mi yí ká ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti wà níbí kí n tó débí ni o.” Ohùn rẹ̀ kò ní àrífín nínú, òótọ́ tó mọ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n ère tí ìwé rẹ̀ ti sọ nù dà bí ọmọ tí kò lè júwe ilé bàbá rẹ̀ ní àárín ọjà.

Ìwé sì máa ń rántí nígbà tí olè ti rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ní 1987, àwọn olè fọ́ mùsíọ́ọ̀mù Jos, orí idẹ Ifẹ̀ kan sì wà nínú ohun tí wọ́n kó lọ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko kọjá kí ó tó yọjú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017, tí àwọn ọlọ́pàá fi gbé e sí àhámọ́. Bí kò bá sí fọ́tò àti àkọsílẹ̀ àtijọ́, kí ni à bá fi sọ pé ti Jos ni?

Ohun tí àlejò ń rí nínú gíláàsì kéré. Èyí tó pọ̀ jù wà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń tì pa, tí kámẹ́rà kì í dé. Ní 2011, ìwádìí tí ICCROM àti UNESCO ṣe ní orílẹ̀-èdè 136 fi hàn pé nǹkan bí 60 nínú 100 ohun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn àwọn mùsíọ́ọ̀mù ayé ló wà nínú ewu. Ayé ni mo wí o, kì í ṣe Áfíríkà nìkan. Ọ̀nà kan tó ń jẹ́ RE-ORG ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù kéékèèké tí owó wọn kò tó nǹkan. Nígbà tí mo ka àwọn òfin rẹ̀, ẹnu yà mí bí wọ́n ṣe jọ ohùn ìyálé ilé. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ni kó wà nínú yàrá; àga tó kán, páálí òfìfo àti jẹnẹrétọ̀ tó ti kú kò gbọdọ̀ bá wọn gbé. Tó o bá fẹ́ mú nǹkan kan, kò gbọdọ̀ di pé o gbé ju méjì lọ kúrò lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló sì yẹ kí o fi rí ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè.

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn wo ilé tiyín. Èmi fi ìwé ẹ̀rí wáẹ́ẹ̀kì mi dán an wò. Ọjọ́ méjì ló gbà mí, mo sì bá ikán nídìí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ kì í kọ́ èyí lórí pátákó. Wọ́n á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, wọ́n á ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi téèpù wọn ilẹ̀, wọ́n á ya yàrá náà sórí ìwé, wọ́n á gé páálí bí pẹpẹ, wọ́n á máa sún un síwá sẹ́yìn lórí ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò kan ṣoṣo. Kò pọn dandan kí pẹpẹ fúnra rẹ̀ ti Jámánì wá. Káfíńtà àdúgbò á kàn án. Ilù á lọ sọ́dọ̀ ilù, irin sọ́dọ̀ irin, ọ̀kọ̀ á dùbúlẹ̀ sórí pẹpẹ tirẹ̀, aṣọ òkè ńlá á sì yí mọ́ ọ̀pá roboto dípò kí wọ́n ṣẹ́ ẹ po, nítorí ojú ìṣẹ́po ni aṣọ ti máa ń kọ́kọ́ já.

Ojú ọjọ́ wa náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ère. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ á wúwo fún ọ̀rinrin. Igi á wú, awọ á bu. Tí ọyẹ́ bá wá dé, igi kan náà á súnkì, á sán. Wíwú àti sísúnkì lemọ́lemọ́ yìí ló ń pa igi ju ọ̀rinrin fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà ọmọ ẹ̀kọ́ á máa ka ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, títí á fi mọ ìwà yàrá náà bí ìyàwó ṣe ń mọ ìṣe ọkọ. Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Òun náà ń jẹ aṣọ. Àlàárì tó bá ti ṣá, kò sí aláró tó lè dá pupa rẹ̀ àtijọ́ padà. 50 lux ni wọ́n gbà láyè fún aṣọ àti ìwé, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan lójú fèrèsé á wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ajẹgi. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú kan lábẹ́ ère, funfun bí ìyẹ̀fun, tí ihò tóótòòtó sì wà lókè rẹ̀, ẹ má tíì pariwo. Ọmọ ẹ̀kọ́ á gbá lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, á fi páálí dúdú tẹ́ abẹ́ ère, á sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí òmíràn bá ti dà sórí páálí, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú igi. Bí páálí bá mọ́, ìtàn àtijọ́ ni ihò yẹn. Páálí dúdú kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé ọjọ́un, DDT ni wọ́n máa ń fọ́n sí i láì béèrè ọ̀rọ̀, májèlé náà ṣì wà lára àwọn ère kan títí dòní, òṣìṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ àti imú gbà á. Nísinsìnyí, wọ́n lè fi ọ̀rá wé ère kí wọ́n gbé e sínú fìríìsà tó tutù gan-an. Níbi tí iná kò bá ti ṣeé gbọ́kàn lé, wọ́n á dì í pa sínú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, pẹ̀lú ohun tó ń gba ọ́síjìn inú rẹ̀ tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kòkòrò ti kú, igi kò sì mu májèlé kankan.

Ère ìbejì ni ẹ̀kọ́ ti wá ń le. Ẹni tó bá gbé e sórí tábìlì á rí osùn tó gbẹ mọ́ ìlà ojú rẹ̀, á rí búlúù ìfọṣọ nínú irun rẹ̀, á rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti dán bọ̀rọ́, imú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un láti nù ún. Kò gbọdọ̀ nù ún. Ìyá kan tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ kú ló wẹ̀ ẹ́, tó fi osùn pa á lára, tó gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, tó gbé e sùn, ní ọdún dé ọdún. Ìdọ̀tí tí ẹ rí yẹn, àkọsílẹ̀ ìyá náà ni, ó sì ju èyí tó wà nínú rẹ́jísítà lọ. Ẹni tó bá gbẹ́ imú tuntun sí i ti pa ọwọ́ ìyá rẹ́.

Ẹ tún wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo aráyé ní 2001 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn tó ni ín ní Kétu àti àyíká rẹ̀ kì í jẹ́ kí ère orí wọn gbó. Tí eré bá dé, ọ̀dà tuntun á gorí ti èṣí. Lójú tiwọn, kí nǹkan di tuntun ni ìtọ́jú; lójú mùsíọ́ọ̀mù, kí ó dúró níbi tó dé ni. Ta ló jàre? Ẹ̀kọ́ tó dáa kì í dáhùn ìyẹn kíákíá. Ó máa ń rán ọmọ ẹ̀kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbààgbà tó ni ère, kó béèrè ohun tí obìnrin kò gbọdọ̀ gbé, ohun tí kò gbọdọ̀ kọjú síta, ohun tí wọ́n máa wá gbà fún ọdún tí wọ́n á sì dá padà. Mo gbà pé ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàárín wa fi ju ti Róòmù lọ nìyí: àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ bi ń gbé ní òpópónà kejì.

Ní Oṣù Kọkànlá 2021, Faransé dá ohun 26 padà fún Benin, lára ohun tí Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní àfin Abomey ní 1892: ìtẹ́ ọba Ghezo, ilẹ̀kùn àfin Glele, ère Behanzin tó jẹ́ ààbọ̀ èèyàn, ààbọ̀ ẹja apanijẹ inú òkun. Nígbà tó di Oṣù Kejì 2022, wọ́n pàtẹ wọn ní ilé ààrẹ ní Kútọnu, èrò sì tò lọ wò wọ́n. Gbogbo èèyàn ń sọ ti ilù àti ti àwọn ìjòyè. Ọkàn tèmi wà lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ pé a kì í ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró ní títì, ó kéré tán ọjọ́ kan, kí igi tó ti òtútù dé fara mọ́ ooru wa díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí i, ẹnì kan á tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan á mú pẹ́ńsù, wọ́n á máa ya gbogbo ojú sísán sílẹ̀, èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tí ọkọ̀ fà. Ilù á ti dákẹ́ kí wọ́n tó parí ìyẹn.

Màmá ti lọ. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Mo fi aṣọ òwú funfun wé e, mo gbé e sórí pẹpẹ tí oòrùn kì í dé, mo sì kọ ìwé pélébé kan tì í: orúkọ màmá, ìlú wọn, ọdún tó dé ọwọ́ mi, ẹja méjì, ọ̀kan ti parẹ́. Ó ti ń dúdú. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá, àbúrò mi obìnrin wá kí mi, ó tú u wò, ó pòṣé. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ sọ nǹkan màmá dà báyìí? Ọsàn wẹ́wẹ́ dà?”

Mo ní kò sí nílé. Mẹ́fà ló wà nínú abọ́ ní ilé ìdáná.